Tulípì Lórí Ebè Bàbá Mi

Ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́ ń tọ́jú ọgbà òdòdó fún òyìnbó kan ní Sokodé. Èmi ń ta bísáàpù, omi ìṣápá dídùn, àti omi tútù fún ìyá ẹ̀yà Tem kan ní àdúgbò Kouloundè níbẹ̀. Nígbà tó wá tọrọ mi ní Kambolé, ìlú wa, Bàbá mi, tí kò mọ̀ ju iṣu àti àgbàdo lọ, bi í pé kí ló ń gbìn.

“Òdòdó ni, Bàbá. Jàádíníyè ni mí, olùtọ́jú ọgbà.”

“Ta ló ń jẹ ẹ́?”

Gbogbo àgbà tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Inú Bàbá dùn sí ẹ̀rín yẹn débi pé ó fi kún un: “Ọjọ́ tí òdòdó òyìnbó rẹ bá yọ lóko mi, wá mú ìyàwó rẹ.” Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n pè é. Èmi dì í mú bí ìlérí, nítorí Bàbá mi kì í yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọkùnrin mi bá wá irú tulípì, òdòdó òyìnbó kan, fún mi, roboto bí àlùbọ́sà. Ó ní ìlú òtútù ló ti wá, àfi kó kọ́kọ́ sùn nínú òtútù kó tó lè yọ òdòdó. Òtútù wo ní Togo? Mo sọ fún ọ̀gá mi. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ní kí n kó wọn sínú fìrígò tí a ń kó omi tútù sí. Nígbàkigbà tí rédíò bá ń kọrin yin Ààrẹ, tí gbogbo èèyàn ń ṣe bí ẹni tó ń tẹ́tí sí i, èmi a yọ́ lọ kí àwọn tulípì mi.

Nígbà tí ọyẹ́ mú dáadáa, mo gbé wọn wọkọ̀ lọ sílé. Láti Tchamba ni ọ̀nà ti ń gbọ̀n wá jìgìjìgì, èmi náà ń rẹ́rìn-ín bí aṣiwèrè. Mo kọ ebè kan sí etí oko Bàbá. Áà, ebè ọ̀hún burú! Bàbá wò ó, ó kọjá, ó tún padà. Kò lè fara dà á kí ará ìlú Koussountou kan kọjá kó rí irú rẹ̀ lóko òun. Ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi, ó tún un kọ; bí mo ṣe ri àwọn tulípì mi sínú rẹ̀ tán, ó gé koríko gbígbẹ, ó fi bo orí rẹ̀ kí oòrùn má baà jó o, bó ṣe ń ṣe fún iṣu. Mo fi ìbòrí di ẹnu mi kí ẹ̀rín má baà bọ́.

Púpọ̀ nínú wọn rà. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀kan gbórí jáde nínú koríko, ó kúrú, ó pọ́n yòò. Mo kígbe, mo fò, mo sá yí ebè náà ká. Bàbá dé, ó lóṣòó tì í.

“Ebè tèmi ni o.”

“Tiyín ni, Bàbá.”

“Koríko tèmi ni.”

“Tiyín ni.”

Ó dìde, ó sáré bọ́ sójú ọ̀nà, ó ń ké sí gbogbo ẹni tó ń lọ soko: “Ẹ yà wá wo òdòdó tí mo gbìn! Ẹ tètè wá wò ó kí àna mi tó dé!”