Ọjọ́ Tí Kọ̀ǹpútà Ya Ìyá Ìbejì Sọ́tọ̀

Ẹ wò ó, inú mi ṣì ń dùn bí mo ṣe ń kọ eléyìí! Látìgbà tí mo ti parí girama, ìdí ẹ̀rọ fotokọ́pì ni mo wà ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan l'Ágbowó, àmọ́ ojú mi ò kúrò lára kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá mi, Bọ̀ọ̀dá Múfú, máa ń ṣi fáìlì mú. Wọ́n á tẹ ìwé ìgbéyàwó fún ẹni tó wá gba ìwé ìsìnkú!

Mo bá ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ script kan, ìyẹn àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà á máa tẹ̀ lé. Orí fóònù ni mo ti kọ́ ọ. Ó máa to orúkọ fáìlì pẹ̀lú nọ́ńbà, oníbàárà fúnra ẹ̀ á wá tẹ nọ́ńbà tiẹ̀, ó parí!

"Tó bá ṣiṣẹ́ lónìí, ìwọ lo ni kọ̀ǹpútà yìí," ni Bọ̀ọ̀dá wí. "Tí ò bá ṣiṣẹ́, mi ò fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ mọ́."

Ìyá Ìbejì, oníbàárà wa kan, ló kọ́kọ́ dé, wọ́n fẹ́ tẹ ìwé ètò ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Orúkọ wọn la fi pe fáìlì náà. Wọ́n tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà:

1) iya
2) ibeji.pdf

"Háà! Ta ló ya èmi àtàwọn ọmọ mi?"

Bọ̀ọ̀dá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣáà mú ọ̀kan, Mà."

Wọ́n tẹ nọ́ńbà kìíní. Kọ̀ǹpútà ní kò sí fáìlì tó ń jẹ́ iya.

"Mi ò sí kẹ̀? Èmi tí mo dúró síbí!"

Àfi bó ṣe sọ sí mi lọ́kàn: àlàfo tó wà láàárín iya àti ibeji ni! ls, àṣẹ tó máa ń to orúkọ fáìlì, ni mo ní kó bá mi kó orúkọ jọ, ibi tó bá sì ti rí àlàfo, kọ̀ǹpútà á rò pé orúkọ mìíràn ló bẹ̀rẹ̀. Mo yọ ls dànù, mo fi *.pdf rọ́pò ẹ̀, mo sì fi àmì àyọlò há $f, ìyẹn fáìlì tí oníbàárà bá mú, lọ́tùn-ún lósì kí orúkọ náà má bàa já sí méjì mọ́ lọ́wọ́ lp, àṣẹ ìtẹ̀wé:

select f in *.pdf
do
  lp "$f"
  break
done

"Ẹ tún un wò, Mà."

1) iya ibeji.pdf

"Ẹ̀n-ẹ́n! A ti wà pa pọ̀!" Wọ́n tẹ nọ́ńbà, ìwé ìkórè sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde wọ̀ọ̀. Mo fò sókè, mo pariwo!

Bọ̀ọ̀dá Múfú dìde, wọ́n fọwọ́ nu àga wọn fún mi, wọ́n rọra lọ dúró sídìí fotokọ́pì.

"Ọ̀gá kọ̀ǹpútà, kí ni kí n máa ṣe níbí báyìí?"

"Ẹ kọ́kọ́ bá mi ki pépà sínú ẹ̀, Bọ̀ọ̀dá."