Irin Ìdìmú Méjì Tó Wà Lẹ́yìn Kẹ̀kẹ́

Iṣẹ́ wẹ́dà ni mò ń ṣe. Èmi ni mo fi irin jó kẹ̀kẹ́ arọ tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbé lọ síbi eré máràtọ́ọ̀nù, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má wá máa rò fún mi bó ṣe rí. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí kò sí níbẹ̀, irọ́ ibẹ̀ sì pọ̀ ju òótọ́ lọ.

Iṣẹ́ ọ̀dà kíkùn lọmọ náà ń ṣe kó tó ṣubú. Àkàbà la máa ń pè é, torí kò sí ọkùnrin kankan nídìí iṣẹ́ wọn tó lè gun àkàbà yá jù ú lọ. Ó pé ọmọ ogún ọdún lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tó máa fi di Ọjọ́bọ̀, pákó tó dúró lé lára ilé alájà mẹ́ta kán mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ló ṣẹ́. Oṣù mẹ́jọ ló lò ní ọsibítù, nígbà tó sì fi jáde, láti ìbàdí dé ìsàlẹ̀, ara rẹ̀ kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́. Gbogbo wa jáwọ́ nínú pípe orúkọ yẹn. Ojú ń tì wá.

Ẹnì kan ṣoṣo tó ń pè é bẹ́ẹ̀ ni ọmọbìnrin orí bẹ́ẹ̀dì kejì ní wọ́ọ̀dù rẹ̀. Rédíò ni wọ́n ń pe òun, torí kì í panu dé àfi tó bá sùn. Ọkọ̀ ló gbá a, ọrùn rẹ̀ ló ṣẹ́, kò lè gbé ọwọ́ pàápàá. Kò sí ẹni tó ń wá wò ó, a ò sì béèrè ìdí. Nígbà tó gbọ́ pé Àkàbà ni wọ́n ń pe ẹni tó já látòkè, ó rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi sáré wá wò ó. Ó ní ọpẹ́ ni pé wọn kò pe òun ní Ọkọ̀. Ọmọ wa náà rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn látọjọ́ tó ti ṣubú. Ọjọ́ yẹn ni mo ti fẹ́ràn Rédíò.

Ohun tó ń pa irú wọn kì í ṣe egungun tó ṣẹ́, egbò ni. Ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ padà, ibi tó bá fi lélẹ̀ lára rẹ̀ á máa jẹrà. Fóòmù kan wà tí afẹ́fẹ́ máa ń wọ inú rẹ̀ tó sì máa ń jáde, tí kì í jẹ́ kí ojú kan ṣoṣo ru ìwúwo ara. Wọ́ọ̀dù wọn kò ní ẹyọ kan. Nígbà tí ọmọ wa fi padà sílé, egbò ìdí Rédíò ti tó àtẹ́lẹwọ́, ó sì ń jìn sí i.

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ fóòmù kan wá sọ lọ́dún kejì tí ọmọ wa ti wà nílé pé òun máa fi mẹ́wàá irú rẹ̀ ta wọ́ọ̀dù náà lọ́rẹ, bí ẹnì kan lára àwọn tó ti sùn síbẹ̀ rí bá lè wa kẹ̀kẹ́ parí máràtọ́ọ̀nù ìlú, kìlómítà méjìlélógójì. Òfin kan ló ṣe: ọwọ́ ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ kan kẹ̀kẹ́ náà. Mo ní ẹni tó ní fóòmù, tó sì rí ẹni tí egbò ń jẹ, kí ló tún ń wo eré fún? Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n panu mọ́, pé ìbínú kì í da nǹkan fúnni. Àkàbà forúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Pátákó ìtajà ló ń kọ nílé nígbà yẹn, apá rẹ̀ sì ti le. Mo fi páìpù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ jó kẹ̀kẹ́ tuntun fún un. Mo fẹ́ gé irin ìdìmú méjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, èyí téèyàn fi ń tì í, torí ẹrù lásán ni lọ́jọ́ eré. Ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí n fi í sílẹ̀.

Ó ní, “Tó bá sáré tán, tó rẹ̀ ẹ́, kí ni kí n dì mú tì í délé?”

Ọdún méjì ló ti ń ti ọmọ náà: lọ sí ọsibítù, lọ sí ilé ìwẹ̀, gun òkè àdúgbò wa láràárọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ irú irin yẹn ju abẹ́rẹ́ tó fi ń ránṣọ lọ. Mo fi í sílẹ̀. Èmi ni mo mọṣẹ́, mo mọ ohun tó yẹ, síbẹ̀ ohun tó bẹ̀ mí ni mo ṣe.

Lọ́jọ́ eré, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lọ dúró síbi òkè kan tó ku kìlómítà mẹ́ta kí ọ̀nà parí, torí a mọ̀ pé ibẹ̀ ló máa le jù. Àwọn tó ń fẹsẹ̀ sáré ti kọjá tipẹ́ kí a tó rí i lókèèrè, pẹ̀lú nọ́ńbà mọ́kànlélọ́gọ́ta tó fọwọ́ ara rẹ̀ kùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ti já, ẹ̀jẹ̀ wà lára irin táyà. Ó wà á lẹ́ẹ̀kan, ó sinmi. Ó tún wà á, ó sinmi. Nígbà tó dé àárín òkè, kẹ̀kẹ́ dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sẹ́yìn.

N kò rí ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi gba abẹ́ okùn tí wọ́n fi dá èrò ìwòran dúró kọjá. Ó ti wà lẹ́yìn ọmọ rẹ̀. Ó di irin méjèèjì mú, ó tẹ̀ síwájú, ó tì í, bó ṣe máa ń tì í gun òkè àdúgbò wa. Kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́fà lọ. Àkàbà kò bojú wẹ̀yìn, ó mọ ọwọ́ ìyá rẹ̀.

Ó ní, “Mọ́mì, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀.”

Ohùn rẹ̀ kò ròkè. Ẹ̀gbọ́n mi ṣíwọ́, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Akọ̀wé tó ń fi alùpùpù tẹ̀ lé eré ti ń kọ nọ́ńbà Àkàbà sínú ìwé.

Àkàbà parí eré náà o, kí wọ́n má parọ́ mọ́ ọn. Ó wa kẹ̀kẹ́ gun òkè yẹn, ó wà á dé òpin, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ kọ́ ọ lọ́rùn. Ọ̀gá fóòmù ní ó dun òun, ṣùgbọ́n òun ti sọ bí òun ṣe fẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí i kò ṣeé kọ síbí. Fóòmù kankan kò wá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi ti kẹ̀kẹ́ náà lófìfo wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní kí n gé irin méjèèjì. Inú ṣì ń bí mi, sí i àti sí ara mi. Ó yẹ kí n tù ú nínú. Mo tan ẹ̀rọ, mo gé tọ̀tún, mo gé tòsì, mo sì ha ojú rẹ̀ títí ó fi dán. Kò sí ohun tó máa dì mú mọ́, ló bá ru kẹ̀kẹ́ náà sórí lọ sílé. Láti ọjọ́ yẹn, bí Àkàbà bá ń lọ níta, ìyá rẹ̀ á máa tẹ̀ lé e, á ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

Àwọn ará àdúgbò ń sọ fún wa pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Mo bi wọ́n pé agbè ta ni. Èmi ni mo gbé Àkàbà lọ wo Rédíò lóṣù kejì lẹ́yìn eré náà, etí mi ló sì ṣe nígbà tó ń bẹ̀ ẹ́, tó ń sọ pé ìyá òun ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Rédíò kò ní ohùn púpọ̀ mọ́.

Ó ní, “Ìyá tèmi ò wá rí. Bá mi kí Mọ́mì.”

Àkàbà kò jẹ́ iṣẹ́ náà. Ó ń bínú, n kò sì bá a jẹ́ ẹ. Rédíò kú lóṣù kẹta, egbò ti dé egungun.

Àwa mẹ́ta àti nọ́ọ̀sì kan la sin ín. Nígbà tí a ń padà bọ̀ láti itẹ́ òkú, kẹ̀kẹ́ rì sínú iyanrìn. Àkàbà wà á, kò lọ. Ó tún wà á, ó ń rì sí i. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ náà gbọ́wọ́ kúrò lára táyà.

“Mọ́mì, Rédíò ní kí n kí yín,” ló wí. “Ẹ tì mí.”

Ẹ̀gbọ́n mi sáré na ọwọ́ méjèèjì síbi tí irin máa ń wà. Kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ó wò mí, mo sì gbójú sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀ sínú iyanrìn, ó fi èjìká ti ẹ̀yìn àga náà.