Ìkòkò Tí Ìyàwó Gbé Wọ Ilé Adìẹ

Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Irọ́ ni. Èmi lẹ́ran láyà dáadáa, mo sì ń jowú. Ìyàwó tí ọkọ mi fẹ́ lé mi ni mò ń bá jowú, láti ọjọ́ tó ti wọ agboolé wa ní Dapoya, nílẹ̀ àwọn Mòósì. Ìlú yìí ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa, ìyá rẹ̀ Mòósì. Ó gbọ́ Faransé, ó gbọ́ Mòoré, ó sì ń kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀ débi pé n kò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan kà sí i lọ́rùn. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú.

Àwa méjèèjì là ń sin adìẹ lẹ́yìnkùlé, tèmi lápá kan ògiri, tirẹ̀ lápá kejì. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, oyún tó wà nínú àkọ́bí mi obìnrin, tó wà nílé ọkọ, ti wọ oṣù kẹjọ, mo sì ti ya adìẹ méjìlá sọ́tọ̀ dè é. Nílé wa, ìyá ọlọ́mọ tuntun ló ń fi adìẹ tó fọwọ́ ara rẹ̀ sìn se ọbẹ̀ ata fún un, títí ogójì ọjọ́ á fi pé. Ìyá mi ṣe é fún mi. Gbogbo agboolé ni mo ti sọ fún pé adìẹ ẹlòmíì kò ní kan ọ̀fun ọmọ mi.

Ni ọyẹ́ bá dé. Kì í ṣe ọyẹ́ tí èèyàn ń fi òrí pa ètè kó gbàgbé o. Láàárọ̀, omi inú àmù tutù débi tí àlùwàlá fi di ogun. Àwọn tó ń gun alùpùpù lọ síbi iṣẹ́ ní Kossodo wọ kóòtù lé kóòtù. Adìẹ mi wú ìyẹ́, wọ́n ń gbọ̀n, wọn ò yé mọ́. Tìyàwó ń yé! Láràárọ̀, ọkọ wa á dúró níwájú ilé adìẹ rẹ̀, á gba ẹyin lọ́wọ́ rẹ̀, á fi Mòoré dúpẹ́ pé, "Barka, ìyàwó mi, barka!" Tó bá wá kọjá lára tèmi, á ní, "Pẹ̀lẹ́ o, ìyá àwọn ọmọ," bí ẹni ń kí aláìsàn. Ó dùn mí dé egungun.

Kí ló ń ṣe fún wọn? N ò lè bi í. Kí ìyáálé wá di ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìyàwó? Ká má rí i! Mo kúkú ń yọjú wò ó láti fèrèsé. Mo rí i tó ń fi òrí pa ogbe àkùkọ rẹ̀ nítorí òtútù. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ṣé ìgbéyàwó ló ń mú un lọ ni. Àmọ́ bí oòrùn ti ń wọ̀ lọ́jọ́ kan, mo rí i tó gbé ìkòkò kan tó ń rú èéfín wọ inú ilé adìẹ, ó sì jáde lọ́wọ́ òfo. Háà! Mo pàtẹ́wọ́. Àṣé iná ló ń gbé sí wọn!

Lọ́jọ́ kejì, mo fi àpò sìmẹ́ǹtì dí gbogbo ihò ilé adìẹ tèmi, títí kan èyí tó wà lókè lábẹ́ páànù. Mo kó èédú tó ti pọ́n sínú ìkòkò. Kí tèmi lè ju tirẹ̀ lọ, ìkòkò méjì ni mo gbé sáàárín wọn. Mo ti ilẹ̀kùn, mo fi ayọ̀ wọlé.

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, mo lọ ṣílẹ̀kùn. Kò sí èyí tó dún. Gbogbo wọn wà nílẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀ gbọọrọ, méjìlá pérépéré. Mo gbé ọ̀kan, ara rẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. A ò tiẹ̀ lè jẹ wọ́n, òkúǹbete tí a ò dúńbú ni, ẹ̀sìn wa kọ̀ ọ́. Mo jókòó sínú ìgbẹ́ adìẹ, mo bú sẹ́kún.

Ìyàwó ló kọ́kọ́ sáré dé. Ó rí ìkòkò méjèèjì, ó káwọ́ lérí.

"Yéè! Ìyáálé mi, ta ló ní kẹ́ ẹ gbé èédú tì mọ́ wọn? Èéfín ló pa wọ́n."

"Ìwọ náà ń kọ́? Ṣebí mo rí ọ tó o gbé tìẹ wọlé!"

"Ọkà bàbà sísè ni. Mo ń fún wọn jẹ ní gbígbóná kí wọ́n lè fi yó sùn. Mi ò sì kì í dí ihò òkè. Mais, àmọ́ kí ló dé tẹ́ ò bi mí?"

Kò fi ẹ̀gàn bi mí. Ìbá sàn fún mi kó gàn mí. Ọkọ wa ló ní, "Abéèrè kì í ṣìnà," ó sì bá ọ̀nà ìsọ̀ rẹ̀ lọ.

Kò pé oṣù kan, ọmọ mi bí ọkùnrin nílé ọkọ rẹ̀ ní Samandin. Ìyàwó ò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó ní kí wọ́n pa adìẹ rẹ̀ kan, ó tu ìyẹ́ rẹ̀, ó gbé e wá bá mi, ó kúnlẹ̀. "Ìyáálé mi, ẹ̀yin lẹ máa sè é. Ọwọ́ yín lọmọ ń retí." Mo sè é. Kí ni ǹ bá ṣe? Adìẹ náà sanra débi pé ọ̀rá bo ojú ọbẹ̀.

A gbé e dé Samandin, ọmọ mi mu ún, ó lá ṣíbí. "Màmá, adìẹ yín dára o! Mo mọ̀ pé ẹ ò ní jẹ́ kí n jẹ ti ẹlòmíì."

Ìyàwó wà níbẹ̀, ó gbé ọmọ tuntun mọ́ra. Mo wojú rẹ̀. Mò ń bẹ̀ ẹ́ nínú mi pé kó sọ̀rọ̀, kí n lè rí nǹkan tí mo máa fi kórìíra rẹ̀. Kò tiẹ̀ wò mí. Ó ní, "Ìyáálé mi jìyà lórí adìẹ o. Ẹ mu ún tán." N ò tíì jowú ẹnikẹ́ni tó bẹ́ẹ̀ rí. Títí ogójì ọjọ́ fi pé, adìẹ rẹ̀ ni mò ń sè, èmi ni wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, èmi náà ni mò ń dáhùn pé kò tọ́pẹ́.