Nígbà Tí Ọkọ̀ Wa Dúró sí Iwájú Lẹ́kkí

Àdéhùn iṣẹ́ mi ti parí kí ọkọ̀ wa tó dé iwájú Lẹ́kkí. Ṣùgbọ́n èbúté kún, ẹni tí yóò gba ipò mi kò sì tíì dé, ni a bá ju ìdákọ̀ró sómi, a ń retí. Láti orí ọkọ̀, mo ń rí ilẹ̀: ilà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, igi àgbọn, àti èéfín àwọn ilé iṣẹ́ láti apá Free Zone. Níbì kan lẹ́yìn ilà yẹn, lọ́nà Ajah, ni ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ wà. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní ẹ́sítéètì Abraham Adésànyà ló ń gbé, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Nígbà tí a wà lójú agbami, mo máa ń fara dà á. Àmọ́ kí ojú máa rí ibi tí ẹsẹ̀ kò lè dé, ìyà ni. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ láti ilẹ̀, màá gbóòórùn koríko tútù àti ẹja yíyan, tàbí kí n kàn rò pé mò ń gbọ́ ọ. Màá fara ti irin etí ọkọ̀, ojú mi á là kedere, síbẹ̀ màá máa lálàá: mo ń rí i tó ń sá aṣọ, tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn iwájú orí rẹ̀. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ á pè mí títí, mi ò ní gbọ́.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró. Bí ìṣàn omi bá yí ọkọ̀ síhìn-ín, fóònù á dún. Bó bá yí i sọ́hùn-ún, ó parí. Ọ̀sán Sátidé kan ni ohùn rẹ̀ wọlé.

"Ṣé o ṣì wà níbẹ̀?"

"Mo wà. Ilẹ̀ yín ni mò ń wò."

Ó rẹ́rìn-ín. "Lọ́la, tí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, màá wá sétí òkun. Aṣọ yẹ́lò ni màá wọ̀. Màá juwọ́ sí ẹ."

"Ibẹ̀ jìnnà o."

"Ṣé o ò ní wò mí ni?"

Kí n tó fèsì, ó ti já.

Bàbá kan, ọmọ Ìlàjẹ, ni olórí àwa tí a ń ṣiṣẹ́ okùn. Òun ló bá mi bẹ ọ̀gá ọkọ̀ kó yá wa ní awò tó fi ń wo ọ̀nà jíjìn. "Ọ̀gá, ọmọ yìí fẹ́ rí ìyàwó ẹ̀." Nígbà tó di ọ̀sán Sọ́ńdè, mo gbé awò náà sójú. Iyanrìn ń mì tìtì, àwọn ẹṣin ń lọ, àwọn ọmọdé ń sá fún ìgbì. Lẹ́yìn náà ni mo rí yẹ́lò, ẹnì kan ṣoṣo létí ìfóòfó omi. Mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi, mo ń jù ú lókè bí aṣiwèrè. Ẹni náà gbọ́wọ́ sókè.

"Bàbá, ó rí mi!"

"Ó rí ẹ," ni Bàbá wí, ó sì rọra fi mí sílẹ̀ níbẹ̀. N kò kúrò títí oòrùn fi pa àwọ̀ yẹ́lò náà rẹ́.

Ó tó ọjọ́ díẹ̀ kí fóònù tó tún dún.

"Jọ̀ọ́, má bínú," ó ní. "Omi òjò dí ojú ọ̀nà ẹ́sítéètì wa. Mi ò ráyè wá."

Mo tún wo etí òkun lọ́hùn-ún.

"Ṣé inú ń bí ẹ ni?"

"Rárá. Mo rí ẹ." Mo wá sọ ohun gbogbo fún un. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó ní. "Ẹnì kan bá mi juwọ́ sí ẹ. Ọlọ́run á bá mi bù kún un."

Nígbà tó yá, ọkọ̀ kékeré gbé ẹni tó gba ipò mi dé, ó sì gbé mi lọ. Bàbá na báàgì mi sí mi. "Ọmọ, má wẹ̀yìn o."

Ẹnu géètì èbúté ni àfẹ́sọ́nà mi ti ń dúró dè mí.

"O ti rù," ó ní.

Ilẹ̀ ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, bó ṣe máa ń ṣe ẹni tó pẹ́ lórí òkun. Mo ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ó di apá mi mú, ó sì ń bá mi rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sídìí kẹ̀kẹ́ Márúwá kan.

"Rọra," ó ní. "A ò sáré."