Píìnì Tí Mo Tú Kúrò Láṣọ

Gbogbo àdúgbò wa ní Mówè ló gbà pé mo lóyún, àfi èmi àti ẹ̀rọ síkáànù. Bí mo bá ti ń kọjá, wọ́n á ní, "Ẹ kú ìkúnra o! A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ!" Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wo ikùn mi. Nígbà tó wá yọ, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ìyá ọkọ mi ló fi píìnì sí mi láṣọ, bí a ti ń fi sí aláboyún láṣọ kí ohun burúkú má baà bá a pàdé nínú oòrùn ọ̀sán. Mo wí fún wọn pé dókítà ní àpò omi ni, pé ara ìfun mi ló so mọ́, pé irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, àti pé bó bá bẹ́ sí mi nínú, ó lè gbẹ̀mí mi, àfi kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ yọ ọ́. Wọ́n ní síkáànù kì í rí oyún tí Ọlọ́run bá fi pamọ́.

"Màmá, wọn ò ní la ikùn mi. Ihò kéékèèké mẹ́ta péré ni wọ́n máa lu, kámẹ́rà á gba ọ̀kan wọlé."

"Ìyàwó mi, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Wọ́n fẹ́ yọ ọmọ mi dànù ni."

Ọmọ tiwọn, nínú ikùn tèmi! Inú bí mi gidi. Ọkọ mi wo ìyá rẹ̀, ó wò mí, ó ní ká ṣì ní sùúrù. Sùúrù kẹ̀! Èmi tí mi ò lè bẹ̀rẹ̀ gbé garawa ọ̀dà mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìbàfò. Mo tú píìnì náà lójú àwọn méjèèjì, mo gbé e sórí tábìlì. Mo ní ẹni tó bá ń bá mi lọ sílé ìwòsàn kó wọ bàtà, bí kò bá sì sí, ìyá mi wà ní Ifọ̀.

Ìyá mi ló bá mi lọ.

Nígbà tí mo jí, èjìká ló ń dùn mí jù. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ tí wọ́n fẹ́ sí mi nínú ló fà á. Dókítà, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ṣàlàyé pé àwọn kọ́kọ́ fa omi inú àpò náà gbẹ, kí àwọn tó fa awọ rẹ̀ jáde níbi ìdodo, bí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí wọ́n ti mu tán. Ìyá mi ní kí wọ́n fi han òun, dókítà sì fi hàn wọ́n.

A padà sí Mówè. Ìyá ọkọ mi ti gbé omi kaná, wọ́n mú aṣọ ìnura lọ́wọ́, wọ́n fẹ́ fi omi gbígbóná tẹ ikùn mi bíi ti abiyamọ. Mo ní rárá. Mo gbé aṣọ mi sókè kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Wọ́n wo pílásítà mẹ́ta náà títí.

"Ojú ọgbẹ́ kékeré báyìí? Kí ló lè gbabẹ̀ jáde? Ọmọ mi dà?"

Wọ́n bú sẹ́kún. Àánú wọn ṣe mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mi ò bẹ̀ wọ́n.

"Màmá, ṣebí gbogbo yín lẹ ń gbàdúrà pé ẹ ó gbóhùn ìyá, ẹ ó gbóhùn ọmọ. Ìyá mi ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn. Ọmọ wọn ló ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí."