Ọjọ́ Tí Nọ́ọ̀sì Fẹ́yìsetán Kúnlẹ̀

Áà, àwọn nọ́ọ̀sì ayé ìgbà yẹn! Aṣọ funfun tí wọ́n fi sítáàṣì sí tó le gan-gan, fìlà kékeré lórí, ẹnu mú bí abẹ. Wọ́n mọ iṣẹ́, ẹ má fi wọ́n ṣeré, àmọ́ wọ́n mọ èébú náà. Ìyálọ́mọ tó bá pẹ́ kó tó gbé ọmọ dé yóò kọ́kọ́ jẹ èébú yó kí ọmọ rẹ̀ tó rí oògùn.

Fẹ́yìsetán náà ò yàtọ̀. Ọmọ Ọ̀yẹ́ ni, Ìbàdàn ló ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tí òmìnira ku ọdún méjì ni wọ́n gbé e wá sí ilé ìtọ́jú kékeré kan lẹ́bàá títì ní Ìkọ̀lé. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́jọ péré. Dókítà ń ti Adó wá ní Ọjọ́bọ̀ nìkan, tí òjò ò bá ba ọ̀nà jẹ́. Ọjọ́ mẹ́fà tó kù, ọrùn Fẹ́yìsetán ni gbogbo ẹrù wà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣì ń sọ bó ṣe máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ifisin lọ wo ìkókó, tí eruku á ti kun ìbọ̀sẹ̀ funfun rẹ̀ bí osùn, tí àwọn ará ilé á gbé iṣu sísun àti epo pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tí wọn ò ní jẹ́ kó lọ láìtọ́ ọ wò. Ìgbà yẹn dùn o. Irú rẹ̀ ò lè padà wá mọ́.

Ohun kan ṣoṣo ló ń ba ìgbà dídùn yẹn jẹ́: gìrì. Ibà á mú ọmọ, ara rẹ̀ á le, ojú á yí sókè. Kò sí ilé tí kò ní ìgò àgbo gìrì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì: ìtọ̀ màlúù tí wọ́n rẹ ewé tábà àti àlùbọ́sà sí. Wọ́n á dà á sọ́mọ lẹ́nu, wọ́n á na ẹsẹ̀ rẹ̀ sí iná kó lè ké. Ẹ má pè wọ́n ní ìkà. Ìfẹ́ ni, ìpayà ni. Àmọ́ àgbo yẹn a máa lé ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ, ọpọlọ á sùn lọ, kò sì ní jí mọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń bú àwọn ìyá títí wọ́n fi kọ́ wọn ní irọ́ pípa. "N ò fún un ní nǹkan kan o!" Orin gbogbo wọn nìyẹn. Ọmọ ọdún kan láti Ìjẹ̀ṣà-Iṣu ti kú mọ́ Fẹ́yìsetán lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ó jágbe mọ́ ìyá, ìyá purọ́, òun náà sì gba irọ́ gbọ́. Ọjọ́ tí wọ́n sin ọmọ ló tó gbọ́ pé ife àgbo méjì ló mu. Oúnjẹ ò wọ ọ̀fun rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ọ̀sán Ọjọ́ Ajé kan ni ọkọ̀ akẹ́rù Àjàyí, tó ń lọ sí Adó, já ìdílé kan láti Odò-Òrò sílẹ̀: Dúrójayé àgbẹ̀, Bísí ìyàwó rẹ̀, àti Àṣàkẹ́, ìyá àgbà tó bí Dúrójayé. Ẹ̀bùn, ọmọ ọdún mẹ́ta, wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, gìrì ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. Abẹ́rẹ́ kan, gbígbọ̀n náà dúró. Ẹ̀bùn ò jí. Fẹ́yìsetán já a léèékánná ní etí, kò mira. Ó tẹ ọrùn rẹ̀ síwájú, ó tẹ̀, àmọ́ ó le díẹ̀, bíi ti ọmọ tí àìsàn ọpọlọ ń ṣe. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó níbi tí iná ti jó o, òógùn tútù sì bò ó, bíi ti ẹni tí ṣúgà ti tán lára rẹ̀.

Ọ̀nà pín sí méjì. Bó bá jẹ́ àìsàn inú ọpọlọ ló ń ṣe ọmọ, Adó ni kó lọ, ọkọ̀ Àjàyí nìkan ló sì ń lọ lọ́jọ́ náà. Bó bá jẹ́ àgbo ni, ṣúgà ló nílò, níbí, nísinsìnyí. Ojú ọ̀nà oníkòtò yẹn á pa á kó tó dé. Kò sì ṣeé fún un nínú ọkọ̀ tó ń gbọ̀n, nítorí omi ṣúgà tí wọ́n fi rọ́bà gba imú dà sínú ikùn ọmọ tí kò mọ̀ràn á ṣì lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

"Bísí, kí ni ẹ fún un?"

"Nọ́ọ̀sì, mo fi Ọlọ́run búra, n ò fún un ní nǹkan kan!"

Àjàyí ń fun fèrè ọkọ̀ lóde. Ó ti bu omi sí ẹ́ńjìnnì tán, ó fẹ́ máa lọ. Olúrẹ̀mí, obìnrin tó ń gbálẹ̀ wọ́ọ̀dù, sọ sí i létí: "Ẹ bú wọn dáadáa, wọ́n á sọ!"

Ẹnu Fẹ́yìsetán ti yà láti bú wọn. Ìgbà náà ló rí ìyá àgbà lẹ́bàá ògiri, ọwọ́ bo ẹnu, ojú ò kúrò lára ọmọ. Òfin iṣẹ́ wọn ni pé aṣọ funfun ò gbọdọ̀ kanlẹ̀; ọ̀gá rẹ̀ n'Íbàdàn máa ń sọ pé kí nọ́ọ̀sì fi ìkúnlẹ̀ sílé. Fẹ́yìsetán rìn lọ bá màmá náà, ó sì fi orúnkún méjèèjì lélẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì.

"Háà! Nọ́ọ̀sì!" Olúrẹ̀mí gbá àyà mú.

"Ẹ kú ìrọ́jú, mà. N ò ní bú yín. Ẹ̀yin lẹ mọ ọmọ yìí jù mí lọ. Ẹ dákun, kí ló wọ ẹnu rẹ̀?"

"Dìde, ọmọ mi. Aṣọ rẹ."

"N ò ní dìde, mà."

Omijé bọ́ lójú màmá. "Ulé ni mo ti fún un. Àwọn méjèèjì wà lóko. Ìdajì ìgò. Bísí ò mọ̀ sí i."

Bísí figbe ta. Fẹ́yìsetán dìde, ó ní kí Àjàyí máa lọ. Ẹni tó bá ní ẹ̀rù ò bà á, irọ́ ló pa. Ó po ṣúgà onígun sínú omi sísè tó ti tutù. Ó ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba imú ọmọ sínú ikùn, ó sì ń da omi náà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, ìka ọwọ́ Ẹ̀bùn mira. Ó ṣe díẹ̀ sí i, ó lajú, ó bú sẹ́kún, ó sì ń fa rọ́bà náà yọ. Dúrójayé jáde, ó lọ sunkún lẹ́yìn ilé.

Ní ọjọ́ kẹta, Ẹ̀bùn ń lá ògì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyá àgbà sì sún mọ́ Fẹ́yìsetán.

"Ọmọ méje ni mo bí. Gìrì kó mẹ́rin lọ. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló mu àgbo yìí, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi pò ó." Ó wò ó lójú. "Nọ́ọ̀sì, ṣé èmi ni?"

Fẹ́yìsetán di ọwọ́ màmá náà mú.

"Rárá, mà," ó ní. "Ibà ni."

Màmá wò ó pẹ́. "O ṣeun," ló sọ.

Kò béèrè mọ́ láé. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, bí gìrì bá mú ọmọ kan ní Odò-Òrò, òun ló ń pọ̀n ọ́n wá, arúgbó tó ti lé ní àádọ́rin. Láti ojú títì ló ti máa ń pariwo ohun tí wọ́n fún ọmọ àti bó ṣe pọ̀ tó, kí ẹnikẹ́ni tó bi í. Ọmọ kan là, èkejì là, ẹ̀kẹta là. Ọjọ́ tí ẹ̀kẹrin lajú, màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàrin wọ́ọ̀dù, ó sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún.

"Wọ́n pé mẹ́rin," ó ní.

Fẹ́yìsetán jókòó tì í nílẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé màmá kò fìgbà kankan gba irọ́ òun gbọ́.