Ẹni Tó Bá La Yìnyín Ló Ni Orí Ẹja

Àwo tí ọkọ mi kọ́kọ́ sọ mọ́ mi, àwo tánganran ni. Ẹ̀bà gbígbóná wà nínú rẹ̀, ọbẹ̀ ilá wà lórí ẹ̀bà. Ó bà mí léjìká, ó jábọ́, ó fọ́ wẹ́wẹ́, ilá sì ń ṣàn lára ògiri bí ikun imú ọmọdé. Ọwọ́ òsì ló fi jù ú, torí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ọwọ́ ọ̀tún lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin tí kò fọwọ́ kàn mí rí láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n se ilá."

Ó ní, "N ò fẹ́ ilá mọ́. Ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

Ó ti kú báyìí. Ó ti lé lọ́dún kan. Mo ń kọ èyí torí pé àwọn kan nínú ìjọ wa ń sọ ọ́ lẹ́yìn mi pé ebi ló pa á. Mo mọ orúkọ gbogbo wọn, mo mọ orúkọ ọmọ wọn àti ibi tí wọ́n ń jókòó sí nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n n kò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni síbí. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ni màá ṣe kọ ọ́.

Dọ́kítà ló kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀ fún mi. Ó ní, "Mama, ẹ fi ẹran màlúù sílẹ̀, ẹja ni kẹ́ ẹ máa fún bàbá. Ohun tó bá ṣáà gbà lẹ́nu, ẹ jẹ́ kó jẹ ẹ́. Tí kò bá jẹun, oògùn tí a fún un kò lè ṣe nǹkan kan." Láti ọjọ́ náà, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo ní láyé: kí ọkùnrin yìí jẹun.

Àti pé ká jẹun dáadáa láìsí owó, mo mọ̀ ọ́n ṣe. Owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni ọkọ mi ń gbà, ẹni tó ń gbà á ló mọ̀ bó ṣe ń wá nígbà tó bá wù ú. Ní Fẹ́sítáàkì níbí, gbúre ń hù fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ilé wa, àwọn èèyàn ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kọjá. Èmi a já a, a fi iyọ̀ fọ̀ ọ́, a fi irú sí i. Efinrin mi wà nínú korobá tó ti fọ́. Tòmátò tó ti rọ̀, tí wọ́n máa dà nù lọ́jà bí ilẹ̀ bá ṣú, mo ń gé ibi tó bàjẹ́ kúrò, mo ń bọ ìyókù, mo ń fún omi kíkan rẹ̀ dà nù. Ẹ̀wà ńkọ́? Bó bá ti hó fún ìgbà díẹ̀ lórí èédú, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ dì í pọ̀ pẹ̀lú ìkòkò rẹ̀, ẹ gbé e sí kọ̀rọ̀. Á parí ara rẹ̀ sínú ooru yẹn. Èédú yín á ṣẹ́kù. Àwọn ọmọ mi fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní mo ń tẹ́ ẹ̀wà sùn. Àwọn náà ti ń ṣe é nísinsìnyí.

Gbogbo èyí ni mo sè fún un. Ó ń jù ú, ó ń tu ú. Lọ́jọ́ kan ó fi eyín gé mi níka nígbà tí mo ń fi ẹ̀kọ sí i lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ mi dà sórí ẹ̀kọ funfun.

Orí ẹja kòtè ló gbà á là. Èmi ni mo se é fún ara mi, omi ata lásán, efinrin, àlùbọ́sà díẹ̀. Mo jókòó tì í, mo ń jẹ. Ló bá na ọwọ́ òsì. Ó fa ojú ẹja mu, ó rún egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ láàárín eyín, ó mu omi rẹ̀. Márùn-ún ló jẹ. Mo lọ sí bàlùwẹ̀, mo sunkún.

Bí a ṣe ń rí orí ẹja nìyí. Àwa obìnrin mẹ́ta nínú ilé alájà mẹ́rin wa la ń dá owó jọ ra kátọ̀nù kòtè kan ní ilé yìnyín tó wà lọ́nà Abúlé Adó. Èmi ni mo wà nísàlẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi wà lájà kẹta. Ó fi ọdún mẹ́ta jù mí, ọdún kan náà la jọ kó dé Fẹ́sítáàkì, Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é, Àbúrò ló ń pè mí. Ẹnì kẹta ni ọ̀dọ́mọbìnrin onírun, tó ń dirí lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì.

Kòtè inú kátọ̀nù máa ń dì pọ̀ mọ́ yìnyín, á le bí búlọ́ọ̀kù. Èèyàn ní láti là á. A ó gbé e sókè, a ó sọ ọ́ mọ́ kọ́ńkéré lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn, a ó fi ọmọ odó lù ú. Yìnyín á máa ta sí wa lójú. Ó ti ya àtẹ́lẹwọ́ mi rí. Torí ìyà yẹn la ṣe ṣòfin láàárín ara wa: ẹni tó bá là á ni yóò kó gbogbo orí ẹja, a ó sì pín ara ẹja lọ́gbọọgba. Láyé ìgbà tí ara ń le, kò sẹ́ni tó ń du orí ẹja. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti ń jẹ ẹ́, èmi ni mo ń là á. Wọ́n fi í sílẹ̀ fún mi.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, Ẹ̀gbọ́n ló sọ kátọ̀nù kalẹ̀ láti inú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ó gbé e dé àtẹ̀gùn, ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kátọ̀nù náà fi etí gún kọ́ńkéré, ó là sí méjì gééré.

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọpẹ́ ni f'Ólúwa! Mo ti là á. Orí ẹja di tèmi lónìí."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò là á. Ó bọ́ lọ́wọ́ yín ni."

"Ó bọ́, ó là. Ta ló gbé e? Ìwọ lo gbé e?"

Onírun ní, "Ilẹ̀ ló là á o! Ẹ jẹ́ ká kó orí ẹja fún ilẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n ní, "Ìwọ, panu mọ́, lọ kóòmù irun."

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti bímọ lókè lọ́jọ́ márùn-ún ṣáájú. Ó fẹ́ fi orí ẹja se omi ata fún ìyá ìkókó. Mo mọ̀. Mo ní, "Ọkọ mi ò gba nǹkan mìíràn lẹ́nu, ẹ mọ̀."

"Mo mọ̀. Ọmọ tèmi náà ò rí omi ọyàn. Ìkókó ti ń ké láti òwúrọ̀. O ti ń kó o láti Àjíǹde. Jẹ́ ká pín in sí méjì."

Ẹ jẹ́ kí n kọ òtítọ́ sílẹ̀: ó ní ká pín in sí méjì. Èmi ni mo kọ̀. Mo ní òfin ni òfin. Mo ti ń fi àdá gé orí ẹja sínú abọ́ mi bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Ó wò mí. Ó wá sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń gbani nímọ̀ràn: "Àbúrò, ọkọ rẹ ti ń lọ. Ọmọ yìí ló ń bọ̀. Ẹni tó ń bọ̀ là ń bọ́."

Mo ju àdá sílẹ̀. Mo dúpẹ́ pé mo jù ú sílẹ̀. Ẹja kan tó gan bí igi ni ọwọ́ mi bà, mo gbá a mọ́ ọn níwájú orí. Ó dún bí ìgbà tí wọ́n bá la àgbọn. Mo tún gbá a. Mo ń pariwo pé, "Ìwọ ta ni? Ìwọ ta ni?" Èmi tí mo ti ń pè é ní ẹ̀yin láti ọgbọ̀n ọdún ó lé.

Kò ṣubú. Ó fi gèlè mi fà mí mọ́ra, ó gé mi lápá jẹ, a jọ ṣubú lu kọ́ńkéré, a ń yí lórí yìnyín, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń kán sí mi lẹ́nu. Ọmọ rẹ̀ sáré bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ara ìbímọ, ó fi orógùn lù mí lẹ́yìn. "Ẹ máa pa ìyá mi! Ẹ máa pa ìyá mi!" Onírun ló bu korobá omi dà sí wa lórí bí ìgbà tí wọ́n bá ń la ajá tó ń jà.

Wọ́n mú un lọ rán orí rẹ̀. Ẹ̀yin tó ń kà á, ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo ṣa orí ẹja nílẹ̀, mo ṣan ẹ̀jẹ̀ kúrò lára wọn, mo sè é.

Fèrèsé iyàrá wa kọjú sí àtẹ̀gùn yẹn. Ọkọ mi ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo gbé abọ́ wọlé, ó wo apá mi, ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ ta nìyẹn?" Mo na ṣíbí sí i. Ó pa ẹnu dé.

Lọ́jọ́ kìíní mo bẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kejì mo di imú rẹ̀ kó lè la ẹnu, mo ki ṣíbí bọ̀ ọ́. Ó tu ú sí mi lójú, ata wọ̀ mí lójú, mo gbá a létí. Mo gbá aláìsàn létí. Ó kàn ń wò mí ni, omi ń bọ́ lójú kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ kẹta kò lè gbé orí sókè mọ́.

Mo gun òkè lọ, mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ẹ̀gbọ́n jáde, bándéèjì wé orí rẹ̀, ojú kan ti wú dí.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ń kú lọ. Kò gbà lọ́wọ́ mi. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́."

Ó fọ́ mi létí ọ̀tún. Ó fọ́ mi létí òsì. Ó sinmi díẹ̀, ó tún un ṣe. Ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìkókó, kò là wá.

Ó ní, "Orí ẹja dà?"

"Ó wà nílẹ̀. Àràárọ̀ ni mò ń gbé e kaná kó má baà kan."

"Lọ gbé e wá."

Mo gbé e wá. Ó bu ìdajì fún ọmọ rẹ̀, ó gbé ìyókù sọ̀kalẹ̀ lọ sí iyàrá wa, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Ọkọ wa, ẹ la ẹnu."

Ọkọ mi wo bándéèjì pẹ́. Ó ní, "Ṣé ó ń dùn yín?"

"Ó ń dùn mí gan-an. Ìyàwó yín ya wèrè."

Ìdajì ẹnu rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó wá fi ìka tọ́ka sí mi. "Kó jáde."

Mo jáde. Mo dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fi orí ti ògiri, mò ń gbọ́ bó ṣe ń rún egungun.

Oṣù méje ló tún lò. Ojoojúmọ́ ni mò ń sè é, tí mò ń gbé e gun àtẹ̀gùn lọ fún Ẹ̀gbọ́n, tí Ẹ̀gbọ́n á tún gbé e sọ̀kalẹ̀ wá bọ́ ọ. Kò gba ṣíbí kan lọ́wọ́ mi mọ́ títí ó fi lọ.